Ọ̀rọ̀ Funfun Ojú Kọ̀ǹpútà

Òmùgọ̀ pọ̀ láyé, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tó gba ṣọ́ọ̀bù, tó kùn ún lọ́dà, tó gbé pátákó síwájú rẹ̀, tó sì ń pe aráyé kí wọ́n wá kọ́ àìmọ̀ tirẹ̀, ìlú Ọ̀fà ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin. Ìlú mi ni, mo lè bú u. Àlejò tó bá bú u níwájú mi, a ó jọ wọ̀yá ìjà ni, nítorí ìjàkadì lorò Ọ̀fà.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wà nítòsí rélùwéè. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n pè é. Alhaji kan ló ni ín, ẹni tó ti fi páànù àti ìṣó dolówó kí ó tó gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni ayé ń wá kiri báyìí. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ló kó wọn ránṣẹ́ sí i, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Àwọn òyìnbó ti lò wọ́n títí wọ́n fi sú wọn, wọ́n fẹ́ kó wọn dà nù, ọmọ Alhaji ní kí wọ́n má dà wọ́n nù, òun mọ ibi tí wọ́n ti máa gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Kò purọ́. Nígbà tí wọ́n dé, Alhaji tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún wọn, ó rán aṣọ léèsì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé. Mo bi í nígbà kan bóyá àwọn kọ̀ǹpútà náà máa ń kírun. Ó ní ẹnu mi ni kò ní jẹ́ kí n rọ́wọ́ mú láyé.

Tíṣà ibẹ̀ ló wá burú jù. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, tí rúlà kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé tó wà ní Ọ̀fà ló kọ́ tàípù lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn: ó mọ tàípù. Ẹni tó bá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò kún ṣíbí ìmutíì. Wọ́n rán an lọ sí Ìlọrin fún kọ́ọ̀sì ráńpẹ́, ó padà dé, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kìrìsìtẹ́nì ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kéwú ló ṣe ń kọ́ wọn: yóò pè é, gbogbo kíláàsì yóò gbà á, rúlà yóò sì máa lu tábìlì.

Ohun tí wọ́n ń pè tí wọ́n ń gbà nìyí.

"Ẹ tan iná ara ògiri."

"A ti tan án!"

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì iwájú."

"A ti tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ kówọ́ lé itan."

"A ti kó o lé e!"

"Kí là ń dúró dè?"

Wọn á wá pariwo débi pé àwọn tó ń ta ànàmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà á gbọ́: "Ọ̀rọ̀ funfun!"

"Bí ọ̀rọ̀ funfun kò bá tíì jáde ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù!"

"Bó bá wá jáde?"

"A ó tẹ Enter!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ funfun jẹ́. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọ̀nyẹn, káàdì kan wà tí wáyà máa ń wọnú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà kan lè bá èkejì sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn sì lè jọ máa lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Ètò kékeré kan ló ń darí káàdì náà, dírẹ́bà là ń pè é. Kí àwọn kọ̀ǹpútà Alhaji tó kúrò ní London, ẹnìkan tó fẹ́ máa gbọ́ orin ti ki káàdì tó ń gbé ohùn jáde bọ̀ wọ́n nínú, nọ́ńbà kan náà tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń jẹ́ ni ó sì fún un. Bí ìgbà tí ọkùnrin kan fẹ́ ìyàwó méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà ni. Bó bá pe ọ̀kan, àwọn méjèèjì á jẹ́ ẹ, oúnjẹ kò sì ní dé orí tábìlì. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ á dúdú, lẹ́tà funfun á sì jáde lédè òyìnbó pé àṣìṣe wà, pé dírẹ́bà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò rí káàdì rẹ̀, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ tẹ Enter bó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹkún ni kọ̀ǹpútà ń sun. Wọ́n ń gbọ́ ẹkún ọ̀hún lójoojúmọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Alhaji rà wà lábẹ́ tábìlì, eku ló ń lò ó.

Ti pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù yẹn, ó ní ìtàn tirẹ̀. Ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ nítẹ̀kutẹ̀ nígbà kan kí ọ̀rọ̀ funfun tó jáde, kọ̀ǹpútà náà sì gan, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Èèyàn tó ní làákàyè á wádìí ohun tó fà á. Tíṣà sọ ọ́ di èèwọ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Òun ló pọ̀n mí dàgbà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wà nílé-ẹ̀kọ́, owó oṣù tó ń gbà nídìí tàípù ní ọ́fíìsì kan ní Ilemona ni gbogbo wọn ń jẹ. Ọ́fíìsì náà wá kéde pé àwọn fẹ́ kó tàípù kúrò, pé gbogbo onítàípù ló máa ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, pé ẹni tó bá fìdí rẹmi, kí ó lọ máa sinmi nílé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, sinmi nílé, bí ẹni pé àánú ni wọ́n ń ṣe èèyàn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun yó mọ́. Bó bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹnu rẹ̀ á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́: ẹ tan iná ara ògiri, a ti tan án, ẹ kówọ́ lé itan.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kàdúná dé nígbà yẹn, níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo gbọ́ orin tó ń kọ sórí ẹ̀wà, mo sì sọ fún un pé àṣìṣe ni ọ̀rọ̀ funfun, pé kì í ṣe ara ẹ̀kọ́ rárá.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn."

"Ìwọ tí mo pọ̀n, tí ò ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn? Tíṣà tó kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun látọjọ́ yìí, òun lo fẹ́ sọ pé kò mọ nǹkan kan?"

"Ó mọ tàípù. Kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí kọ̀ǹpútà wọn dára, ọ̀rọ̀ funfun kankan kò ní jáde o."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún jàre. Ìgbéraga ló ń dà ọ́ láàmú."

Òótọ́ ló sọ nípa ìgbéraga. Mo ní in, mo ṣì ní in di òní. Ṣùgbọ́n ìgbéraga mi kọ́ ló ní kí káàdì méjì máa jẹ́ nọ́ńbà kan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alhaji ránṣẹ́ pè mí. NEPA ti mú iná tó lágbára jù wá, mọ́nítọ̀ kan sì ti jóná. Mo ṣe mọ́nítọ̀ náà tán, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ni mo bá jókòó sídìí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn, mo wá fáìlì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, mo pa nọ́ńbà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ́, mo fún un ní òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò bá a dù. Mo tún kọ̀ǹpútà tàn. Ó lọ geere, kò ráhùn, ó ṣí ojú ìwé ìtẹ̀wé sílẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Inú mi dùn bí ẹni tó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Mo tiẹ̀ rò pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ìlú òkèèrè máa ń gbàgbé irú ilé tó ti wá.

Tíṣà kó kíláàsì wọlé. Wọ́n pè é, wọ́n gbà á, wọ́n kówọ́ lé itan. Gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù sọ ọ̀rọ̀ funfun wọn. Èyí tí mo tún ṣe kò sọ nǹkan kan, ó ń dúró de ẹni tó máa ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí rẹ̀ fò dìde, ó ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Tíṣà wo kọ̀ǹpútà náà, ó wo èmi náà, ó ránṣẹ́ pe Alhaji.

"Kí lo ṣe fún un?" Alhaji bi mí.

"Mo tún un ṣe ni, Alhaji. Àṣìṣe wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Àṣìṣe wà lára àwọn náà."

Ó kọjú sí tíṣà. "Tíṣà, ẹ gbọ́? Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò sọ̀rọ̀. Èwo ni ara rẹ̀ ò yá níbẹ̀?"

Tíṣà ní èyí tó yadi ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó tún fi kún un pé òun ti fi ọ̀rọ̀ funfun sínú ìdánwò àṣekágbá, pé bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà, kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ máa rí kọ? Mo wo bàbá àgbàlagbà náà, mo wo rúlà ọwọ́ rẹ̀, àánú rẹ̀ kò sì ṣe mí.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ nọ́ńbà, mo sọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó méjì. Alhaji ní ìyàwó mélòó ni èmi fẹ́ tí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ìpè. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàrin àwa àti Ẹ̀rìn-Ilé á yanjú kí ọkùnrin yẹn tó gbà pé ẹlòmíì mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́ mi, ó tì í mọ́ inú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Dá a padà sí bí o ṣe bá a," ó ní. "Ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ ni wàá rí àpò ẹ."

Ni mo bá jókòó, tèmi tìwé-ẹ̀rí mi, mo pa nọ́ńbà tó dára rẹ́, mo kọ èyí tí kò dára padà. Ọ̀rọ̀ funfun jáde. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Tíṣà gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa ṣọ́ra fún iṣẹ́ tí n kò bá gbọ́ dájú. Mo gba àpò mi, mo wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì búra níbẹ̀ pé ọwọ́ mi yìí kò tún ní fi àṣìṣe sínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni mọ́. Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹsẹ̀ rìn délé, n kò gun ọ̀kadà kankan.

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì Ilemona fúnra wọn ní kí n wá to àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdánwò. Gbogbo ìbínú tó kù nínú mi ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, wáyà lọ láti ara kọ̀ǹpútà kan dé ara èkejì, gbogbo wọn sì ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo láìjà. Bí o bá tàn wọ́n, tààrà ni wọ́n ń lọ sí ojú ìwé ìtẹ̀wé. Mo dúró níwájú wọn, mo ní kí Alhaji àti tíṣà rẹ̀ wá wo bí kọ̀ǹpútà gidi ṣe ń rí. Inú mi ni mo ti sọ ọ́ o.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n rán alábòójútó kan wá láti Ìlọrin. Kóòtù ló wọ̀ nínú ooru yẹn, ó sì ń wo aago bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Òun náà kò mọ kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí fìríìjì. Ó bi mí bóyá kò yẹ kí a jẹ́ kí wọ́n gbóná díẹ̀ ná. Ó kìlọ̀ pé ẹni tó ń ṣèdánwò kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àti pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ìta ni. Lẹ́tà kan ni wọ́n fẹ́ kí kálukú tẹ̀ kí àkókò tó pé. Wọ́n ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bóyá kọ̀ǹpútà kan á yọnu.

Wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Àwọn tó kọ́ tiwọn níbòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, wọ́n ń wá lẹ́tà kiri bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Ojú ìwé ti ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń sọ. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ funfun.

Obìnrin tó mọ tàípù ju gbogbo wọn lọ nínú yàrá yẹn, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kí ó dúró de dókítà. Mo ṣẹ́jú sí i kí ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó rò pé mò ń kí òun ni, ó mi orí sí mi. Mo wúkọ́, alábòójútó kọjú sí mi, mo yáa yíjú sí ògiri. Alábòójútó gba ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi kọjá, ó rí ojú ìwé tó ṣófo, ó mi orí bí ẹni pé ó ti mọ bí yóò ṣe rí fún un. Òógùn yọ lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi. Mo rántí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo bú Alhaji nínú mi, mo bú tíṣà, mo bú ọmọ tó wà ní London, mo bú òyìnbó tó fẹ́ gbọ́ orin. Mo wá bú ara mi náà, pé ta ló rán mi láti ṣe kọ̀ǹpútà yẹn kí ó dára tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá alábòójútó.

"Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà màmá yẹn ti gan. Ẹ jẹ́ kí n tún un tàn."

"Ṣé kò ní pẹ́?"

"Kò ní pẹ́, sà."

Ó tẹ̀ lé mi débẹ̀, ó dúró tì wá gbọnin kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde fún mi, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn mi. Mo ṣí fáìlì náà. Nọ́ńbà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ wà níbẹ̀, èyí tó dára. Mo pa á rẹ́, mo kọ èyí tí kò dára, tí dírẹ́bà kò ní lè fi rí káàdì rẹ̀. Mo tún kọ̀ǹpútà tàn, mo sì dìde kúrò.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ọ̀rọ̀ funfun jáde.

Alábòójútó ta gìrì. "Kí nìyẹn?" ó ní. Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó, ojú rẹ̀ ti là. Ó mí kanlẹ̀, ó na ìka kan, ó tẹ Enter. Ojú ìwé ṣí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìró kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dà bí òjò lórí páànù. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tíṣà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́, mo sì kórìíra kí n máa rántí ìyẹn. Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ ṣì ń wá lẹ́tà kiri nígbà tí òun parí tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́, nítorí mo ti ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́, ni mo bá fi dísíkẹ́ẹ̀tì gba lẹ́tà náà, mo sì gbé e lọ síbẹ̀ fúnra mi.

Alábòójútó ka lẹ́tà rẹ̀ tán, ó gbé e sókè kí gbogbo yàrá rí i.

"Ẹ wo màmá yìí," ó ní. "Kọ̀ǹpútà tiẹ̀ nìkan ló ní wàhálà, òun nìkan ló sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí i. Èmi gan-an, àyà mi já. Níbo lẹ ti kọ́ ọ, mà?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ Alhaji, ó sọ orúkọ tíṣà, ó tún gbàdúrà fún tíṣà. Alábòójútó ní ibẹ̀ ni kí gbogbo ọ́fíìsì máa rán àwọn èèyàn wọn lọ. Mo ń ká wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Kí oṣù náà tó parí, Alhaji ti kun pátákó rẹ̀ lọ́dà tuntun.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ wọkọ̀ padà sí Ọ̀fà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ohun tó fẹ́ sè fún àwọn ọmọ, ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fọwọ́ gbá mi léjìká.

"O ò rí i bí?" ó ní. "Kọ̀ǹpútà tí ìwọ tò ò ṣe é lò rárá, àfìgbà tí ọ̀rọ̀ funfun jáde. Tíṣà ti sọ ọ́ fún wa tipẹ́. Má bínú sí mi, àbúrò mi, ṣùgbọ́n lọ bá bàbá yẹn, dọ̀bálẹ̀ fún un, kó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí dáadáa. Ṣé wàá lọ?"

Mo gbé gbogbo òótọ́ tí mo mọ̀ mì bí ẹni tó ń gbé kíníìnì mì láìsí omi.

"Màá lọ, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí.